Èmi Ni Mo Fi Àkùkọ Mẹ́jọ Lé Rísíkà Kúrò Nílé Ọkọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ǹ bá ṣì máa gbé e mì, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ohun tó sì fi dá mi lóhùn ló jẹ́ kí n máa bẹ̀ yín báyìí.

Fìdítì ni mò ń gbé. Adìẹ ìbílẹ̀ ni mò ń sìn, ojú mi sì mọ̀ wọ́n. Tí òròmọdìẹ bá ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, mo ti mọ akọ, mo ti mọ abo. Ogbe akọ á ti máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nípọn, ìrù rẹ̀ kì í sì í tètè yọ bíi ti abo. Àwọn ènìyàn a máa gbé tiwọn wá láti Ìlọrá àti Ìwàrè pé kí n bá wọn wò ó. Mo máa ń fi yangàn, kí n má parọ́.

Ìyá Múfú, ọ̀rẹ́ mi ní Ìlọrá, kò ní àyè ọ̀sìn nígbà yẹn. Ó fún mi ní àgbébọ̀ méjì sìn, pé tí wọ́n bá pa ọmọ, ká pín in dọ́gba bí a ṣe ń ṣe é níbí. Wọ́n pa ọmọ mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ tí à ń pín in, ó ní gbogbo wọn jọra lójú òun. Ó ní, "Ojú tìẹ ju tèmi lọ. Bá mi ṣa abo. Ìyàwó Múfú ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni mo fẹ́ kó wọn fún kó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn."

Akọ mẹ́jọ, abo mẹ́jọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Àrùn ti pa adìẹ tèmi lọ́dún náà, àgò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ojú kòkòrò wọ̀ mí. Mo kó akọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú apẹ̀rẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Mo rò pé tí wọ́n bá dàgbà, á kàn bú mi pé mo ṣì wò, a ó fi rẹ́rìn-ín, yóò pa wọ́n jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nínú ilé kan ṣoṣo, ó wá bá mi. Kò tilẹ̀ rò ó pé ojú mi lè ṣì wò, ká má tíì sọ pé mo lè rẹ́ òun jẹ. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ṣebí abo lo kó fún mi. Kí ló sọ wọ́n di akọ?"

Ojú tì mí láti jẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àbí ẹsẹ̀ tó wọlé ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyàwó: bí ilé bá tòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dára, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni. Ìyá Múfú kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, tèmi sì ti bọ́ sílẹ̀.

Ọdún méjì kọjá, Rísíkà, ìyàwó Múfú, kò lóyún. Wọ́n rántí àwọn àkùkọ. Wọ́n ní ìyàwó tó wọlé tí abo ń di akọ, ọmọ wo ló fẹ́ bí? Mo wà ní Ìlọrá lọ́jọ́ tí wọ́n di ẹrù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí wọ́n dá a padà sí Ìmíní, ìlú bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó gùn ún. Mi ò la ẹnu mi.

Ìyá Múfú ti kú, kò mọ̀. Múfú ti fẹ́ ẹlòmíràn, ìyẹn sì ti bí mẹ́ta. Rísíkà kò lọ́kọ mọ́. Wọ́n sọ fún mi pé kì í lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kì í sì í gbé ọmọ tuntun, kí ẹsẹ̀ òun má baà ran ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ìyẹn.

Ni mo bá mú àgbébọ̀ kan, mo lọ bá a ní Ìmíní. Mo kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé ogbe, mo ṣàlàyé ìrù, mo sọ ẹ̀fẹ̀ burúkú tí mo ṣe. Ó sáré fà mí dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ má parọ́ mọ́ ara yín nítorí mi. Àánú mi ló ń ṣe yín. Ẹsẹ̀ mi ni, mo ti gbà fún Ọlọ́run."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo sunkún, mo búra, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Kò gba àgbébọ̀ náà. Ó ní kí n má fi í sílẹ̀, kó má lọ di akọ lọ́wọ́ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹni tó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi tán? Àgbébọ̀ náà wà nínú àgò mi níbí. Ó yé ẹyin lónìí.