Mo Fi Èsì Àyẹ̀wò Mùfútáù Pamọ́ fún Un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ilé ìwòsàn dé.

Irin la máa ń fọ̀ níbi iṣẹ́ wa ní Dei-Dei. Ẹ̀rọ la fi ń fẹ́ yanrìn sára irin tó ti dógùn-ún, títí yóò fi mọ́, kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Èmi ni ọ̀gá ibẹ̀. Mùfútáù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wa. Àkísà ló fi ń bo imú. Eruku á bò ó, ẹ ò ní dá a mọ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Kò mọ̀wé, ló bá ní kí n bá òun gba èsì. Dókítà sọ fún mi pé eruku yanrìn ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kíá.

Iṣẹ́ táńkì ńlá kan wà nílẹ̀ ní Zuba nígbà náà. Mo sọ fún un pé, "Òtútù lásán ni."

Ó ní, "Alhamdulillahi. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Mo fa ìwé náà ya. Mo ní tí táńkì bá parí, màá sọ. Táńkì parí, òmíràn dé. N kò sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Rárá, irọ́ ni mo tún ń pa yẹn. Dókítà sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Sìkírátù, ìyàwó Mùfútáù, la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà mìíràn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wo fọ́tò tuntun, ó ké, "Kai! Ṣé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún yín ni?"

Mùfútáù mí kanlẹ̀. "Kò sí o. Bí wọ́n bá sọ ni, ẹ̀gbọ́n mi yìí ì bá ti lé mi kúrò níbi iṣẹ́."

Sìkírátù di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́ pé n kò fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró náà ò lè bọ̀ sípò mọ́. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un nígbà tó ṣì lè gbọ́, àbí ìyẹn gan-an ni yóò pa á?

Mo ti ti iṣẹ́ náà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó kù ń bi mí pé kí ló dé. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wúkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ?