Ẹni tó ṣubú kí ọ̀wẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kejì tí Nàìjíríà gbá ọ̀mì, ọkùnrin méjì dúró nídìí iṣu mi n'Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, wọ́n ń fọwọ́ pa iṣu láìrà. Ọ̀kan fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀, síbẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ló ń bú.

"Ṣé o gbọ́ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín? Gbogbo wọn kó jọ sẹ́nu gòólù wa bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ẹyọ kan tó wà níwájú, atẹ́gùn lásán fẹ́ ẹ, ó ṣubú, ó ń yí gbiri. Ojú ò tì í!"

Èkejì wo báńdéèjì yẹn. "Ìwọ ńkọ́? Ebè tá a fẹ́ bá ọ kọ fún àna rẹ lọ́la, ta ló gbá ọ lẹ́sẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí ni."

"Lálẹ́ àná, nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ wọlé, o fò débi àjà!"

"Ṣebí rẹfirí ò rí mi."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Àna rẹ ni rẹfirí, bàbá yẹn kì í fún èèyàn ní káàdì. Ọmọ tó o fẹ́ fẹ́ ṣì wà n'ulé rẹ̀, kò sì tíì fún ọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀.