Ohùn Tájù Ló Bo Orúkọ Mi

Ọkùnrin kan fi ohùn ara rẹ̀ bo ohùn ìyá mi níbi tí ìyá mi ti ń pe orúkọ mi nínú àwo orin. Lẹ́yìn náà ló ta àwo ọ̀hún, wọ́n sì lọ̀ ọ́ di sálúbàtà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọ́n á ní, "Ṣé nítorí àwo lásán lo ṣe ń rù báyìí?" Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó sọ bóyá àwo lásán ni.

Ìyá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, kí n tó mọ ohùn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń kọ wákà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin méjì ni wọ́n jọ ń kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí wọ́n bá ń kí àwọn tó ti Mẹ́kà dé, ní Ọ̀tà níbí, títí ẹnì kan fi bá wọn ṣe é jáde ní àwo kan ṣoṣo. Àwo náà ò lókìkí. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ẹyọ kan ló kù nílé wa, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, nínú pálí tí àwòrán obìnrin mẹ́ta tó fi ìborùn funfun borí wà níwájú rẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ú. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn yẹn, òun ò ní lè jẹun mọ́. Ìgbà tí òun náà fi máa kú, giramafóònù wa ti bàjẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò sì sí lọ́jà. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, kí la tún ń rí rà nínú ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin inú àwòrán yẹn ṣì wà láyé, Ìyá Ràfíà, ní Joju. Mo lọ kí i lẹ́yìn ààwẹ̀, ó sì pè mí jókòó. "Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè ọ́ nílé yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní, "Ìyá bàbá rẹ ló fi oríkì yẹn ránṣẹ́ láti Ìṣẹ́yìn. Ìyá rẹ ò fi pè ọ́ rí. Òun náà ní tiẹ̀ tó fi ń kẹ́ ọ." Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni?" Ìyá náà wo òrùlé títí. "Ṣé Àjíkẹ́ ni, àbí Àṣàkẹ́... Háà, orí arúgbó! Ṣùgbọ́n ó pè é nínú àwo. Ojú kejì, níparí, ó ki bàbá rẹ, ó ki ẹ̀gbọ́n rẹ, ó wá kì ọ́. Lọ gbọ́ ọ."

Kò sí ẹlòmíì tí mo lè bi. Ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ikú ìyá mi ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, wá láti Ìṣẹ́yìn tó tọ́ wa, Àbẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló sì dúró. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti pè yín títí tó fi sú yín, ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kí èèyàn gbọ́ pé orúkọ kan wà tí ìyá òun fi ń kẹ́ òun, pé ó wà nínú ike dúdú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Mo gbé àwo náà lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Tájù ní Ṣàngó, ẹ̀yìn gáréèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba orin inú àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Wákà àtijọ́! Àbúrò, góòlù lo gbé wá yìí." Mo fẹ́ dúró kó gbà á níṣojú mi, ṣùgbọ́n iná lọ. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Àbí o rò pé mo máa jẹ ẹ́ ni?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà lọ, kásẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Ó ní àwo ṣì wà lábẹ́ àwọn mìíràn, kí n wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò jiyàn, ara kásẹ́ẹ̀tì lojú mi wà. Mo sáré dé ilé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti rédíò. Ohùn ìyá mi jáde. Áà, ó ha díẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí! Ní òpin ojú kejì, ó ki bàbá mi. Ó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Àjàní ọmọ mi, jókòó tì mí," ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ó wá kàn mí. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Àfi gbàù! Ohùn ọkùnrin: "Tájù ló gbà á o! Tájù ti Ṣàngó, ẹ̀yìn gáréèjì! Ojúlówó ni, kì í ṣe ayédèrú!" Ìgbà tó fi máa dákẹ́, ìyá mi ti pè mí tán. Ìrù rẹ̀ nìkan ló kù: "...dákẹ́ ẹkún, ìyá ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé ibẹ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó tún un gbà, kó pa ẹnu mọ́. Ó ní, "Ìpolówó ni. Tí mi ò bá fi ohùn mi sí i, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Iyana Iyesi á ra ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa gbà á, wọ́n á máa tà á. Ṣé kí wọ́n jí iṣẹ́ mi ni?" Iṣẹ́ ta ni? Ta ló kọrin? Kí ló dé tí ohùn ẹni tó ni ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ bo ohùn ẹni tó ni orin, tí yóò sì tún máa bẹ̀rù olè? Mo bi í pé àwo mi dà. Ó họ orí. "Ó ti bá tàwọn tí kò wá mú tiwọn lọ. Àwọn tó ń ra ike ti kó o. Àbúrò, ta ló tún ń lo àwo? Abẹ́rẹ́ dà?" Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń kó o lọ. Ilé iṣẹ́ tó dárúkọ, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Sálúbàtà là ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ike tuntun ò wọlé mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra kẹ́ẹ̀gì tó fọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó là, àti àwo orin, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ. Èmi ni mo ń bá mánéjà jà títí ó fi fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ìbòmú, nítorí eruku. Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ Ajé, mo sáré lọ bá Bọ̀dá Sùlè tó ń ti ike sẹ́nu ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Lọ́yà, ta ló tún jẹ̀bi lónìí?" Mo sọ ohun tí mò ń wá fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àpò kan. "Èyí tó wọlé lópin ọ̀sẹ̀ nìyẹn." Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, hóró rẹ̀ kò ju irúgbìn lọ. Mo yọ ìbòmú mi, mo dúró nínú eruku náà, mo ń mí. Bọ̀dá Sùlè ń pariwo pé kí n dá a padà síbi imú. 

Mo fẹjọ́ sun àwọn àgbà ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí Tájù fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì tuntun, kí èmi náà foríjì í. Tájù ní oríkì yòówù tí mo bá fẹ́, òun lè bá mi pè é sí i, ohùn òun dùn. Ó gbà pé oore lòun ń ṣe. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí àwo kan bá wà nílé yín tí àwòrán obìnrin mẹ́ta tó fi ìborùn funfun borí wà lára pálí rẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ ojú kejì. Mi ò ní kí ẹ fún mi ní àwo yín. Orúkọ tó tẹ̀lé Àjàní, òun nìkan ni kí ẹ sọ fún mi. Títí dìgbà náà, mi ò jẹ́ oríkì kankan. Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ò ṣẹ̀ mí. Òun ló wẹ̀ mí, òun ló pọ̀n mí. Láàárọ̀ yìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni mo ṣe? Àbẹ̀kẹ́ mi, dá mi lóhùn." Mo gbé báàgì iṣẹ́ mi, mo kọjá lára rẹ̀, mi ò dáhùn.