Ojú Tó Wà Lábẹ́ Adé

Láyé ijọ́un, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí erin ṣì ń rìn nínú igbó Ìrójò wa yìí, Ọnàyẹmí baba ńlá wa ló ń gbẹ́ eyín erin fún ọba. Bó bá gbẹ́ ẹyẹ, ẹ ó fẹ́ lé e kó má jẹ àgbàdo yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ.

Ní ọdún kan, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ọba. Ó fẹ́ odidi eyín erin kan tí òun yóò gbé lọ sí ìlú òun. Kí wọ́n gbẹ́ ọba Ìrójò sára rẹ̀, tòun ti adé, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òun ajẹ́lẹ̀. Ọba ìlú kejì tó ṣàìgbọràn sí i, wọ́n ti gbé e lọ sí ìgbèkùn. Ọba wa fa eyín náà lé Ọnàyẹmí lọ́wọ́, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, baba yín kò lè jókòó mọ́. Ó gbẹ́ òyìnbó tán, ó gbẹ́ adé, ó gbẹ́ orúnkún. Ó wá ku ojú ọba. Á mú ọ̀bẹ, á gbé e sílẹ̀. Á jáde, á wọlé. Á dé etí odò, á tún padà.

Awẹ́ró ìyàwó rẹ̀ ní, “Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ara èmi náà ò balẹ̀ mọ́.”

Ó ní, “Awẹ́ró, eyín erin kì í jẹrà. Bí mo bá gbẹ́ ojú ọba síbẹ̀, títí ayé ni yóò wà lórí ìkúnlẹ̀.”

“Bí ẹ kò bá gbẹ́ ẹ ńkọ́?”

“Wọn á gbé ọba lọ.”

Ló bá bu omi sínú igbá, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Pélé ni ilà ojú ọba; àbàjà ni ti baba wa. Nígbà tí Awẹ́ró rí àbàjà lábẹ́ adé, ó figbe ta.

“Yéè! Ẹni tí kì í ṣe ọba, tó bá dé adé, pípa ni wọ́n ń pa á!”

Ó ní, “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.”

Kò dúró kí ẹnìkan wá mú òun. Ó gbé eyín náà lọ sí ààfin fúnra rẹ̀. Àwọn ìjòyè rí i, wọ́n hó yèè, wọ́n ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ọba na ọwọ́, gbogbo ẹnu sì pa. Ó fi ìka tọ ilà àbàjà náà, ó tọ̀ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Ọnàyẹmí, ìwọ lo kúnlẹ̀ nítorí tèmi?”

Òyìnbó dé. Ó ń yí eyín náà síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ. Kò mọ ojú ọba yàtọ̀ sí ojú agbẹ́nà.

Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin ilé yìí kì í fi í dọ̀bálẹ̀ ní ààfin, tí obìnrin wa kì í sì í kúnlẹ̀. Ọba náà ló pa á láṣẹ. Ìnàró ni kí ẹ ti máa kí Kábíyèsí, kí ojú má tì yín. Baba yín ti kúnlẹ̀ fún gbogbo wa; ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nílé àjèjì dòní.