Irin Tó Kán Nínú Itan Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, irọ́ ni mo pa. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà tí mo fi orúkọ Ọlọ́run búra èké lójú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìbúra náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́ báyìí. Èyí ń dùn mí ju ẹsẹ̀ mi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò tíì yé dùn mí.

Aránṣọ ni mí. Agboolé tí bàbá bàbá wa kọ́ sí Zogbeli nígbà tó ti Ìlọrin dé Tamale ní àríwá Ghana ni mo ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Tishigu. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti Vittin, níbi tí mo ti lọ gba ìwọ̀n aṣọ ìyàwó tuntun kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà lójijì, ó gbá alùpùpù mi, egungun itan mi ọ̀tún sì ṣẹ́ sí méjì. Dókítà kan, ọmọ ẹ̀yà Dagomba tó ni ìlú, ló là á, tó to egungun náà pa pọ̀, tó fi irin pẹlẹbẹ kan lé e, tó sì fi ìṣó onírin kéékèèké dè é pinpin. Kí n tó lọ sílé, ó jókòó tì mí, ó fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Hájíà, irin yìí kì í ṣe egungun. Ó kàn ń bá yín di egungun mú títí yóò fi so ni. Ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ilẹ̀ títí n óò fi sọ pé ó yá." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé fẹ́ wọlé nígbà náà, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé kún ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn oníbàárà sì ti ń wá kó tiwọn lọ fún ẹlòmíì. Èyí tó wá ká mi lára jù ni bí àwọn obìnrin agboolé wa ṣe ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ti kú. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ lẹ́yìn fèrèsé mi pé, "Ọwọ́ rẹ̀ mà yá níṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀." Mo bi ara mi pé, ṣé irin kọ́ ló wà nínú itan mi ni? Ṣé irin ò le ju egungun lọ ni? Bí mo ṣe fi ọ̀pá méjì tí mo ń kì sí abíyá sílẹ̀ nìyẹn. Mo ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń fi ẹsẹ̀ náà wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ń ro mí, mo máa ń lo oògùn ara ríro. Ọjọ́ tí mo bá ń lọ rí dókítà nìkan ni mo ń mú ọ̀pá dání.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dìde láti mú òwú. Mo gbọ́ "kẹ́", ẹsẹ̀ mi sì tẹ̀ lábẹ́ mi. Wọ́n gbé mi padà sílé ìwòsàn; nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun náà, irin ọ̀hún ti kán láàárín.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa, dé bá èmi àti dókítà lẹ́bàá ibùsùn mi. Ó ní, "Dókítà, irú irin wo lẹ fi sí àbúrò mi lẹ́sẹ̀?" Dókítà kọjú sí mi. "Hájíà, ṣé ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀?" Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Wàlláhì, n ò fi tẹ ilẹ̀ rí."

Dókítà tún wo àwòrán náà. Ó ní bí èèyàn bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn lójú kan náà, bó ti wù kó le tó, yóò kán. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé irin burúkú ni dókítà náà ń lò. Dókítà yìí kan náà ló tún là mí. Ó yọ irin tó kán, ó ki ọ̀pá irin gígùn kan bọ inú mùdùnmúdùn egungun náà, ó sì bù nínú egungun ìbàdí mi fi dí ojú ibi tó ṣẹ́. Àràárọ̀ ló ń wá kí mi. N kì í lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé ni mo gbọ́ pé obìnrin kan ládùúgbò wa ṣubú, apá rẹ̀ ṣẹ́, ó sì kọ̀ láti lọ rí dókítà nítorí ìtàn irin mi. Apá náà so ní wíwọ́. Kò lè fọ ìkòkò mọ́. Mo lọ kí i, ó ní, "Ìwọ lo kó mi yọ, Ọlọ́run á san án fún ọ." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún mi tó. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn pe dókítà àti ẹ̀gbọ́n mi láti gbọ́ ẹjọ́ náà, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ. Mo sọ níwájú gbogbo wọn pé, "Mo rìn lórí ẹsẹ̀ yìí. Mo fi wa ẹ̀rọ. Mo purọ́ fún dókítà, mo sì purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Irin náà ò lẹ́jọ́ kankan." Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, ó jáde. Dókítà ní kí n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi rọ̀ sílẹ̀ pẹ́, kí wọ́n gbé e lé àpótí.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá méjèèjì kì í kúrò lábíyá mi. Mo padà lọ bá obìnrin ọlọ́wọ́ wíwọ́ yẹn, mo jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó sunkún, ó lé mi jáde. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹrin ló gbà kí n mú òun lọ rí dókítà.

Ó ku ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Jímọ̀ tó ń bọ̀, n óò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí títí yóò fi jáde, n óò sì jẹ́wọ́ irọ́ mi lójú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ irin náà fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ àgbà yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n kọ́kọ́ sọ, kó tó yí ojú kúrò?