Iṣu Ńlá Tí Mo Fi Irọ́ Gbà Lọ́wọ́ Kambolé

Ẹ̀yin ará Manigri, ẹ̀yin ará Kambolé tí ẹ jókòó ní Bassila lónìí, òótọ́ yìí ti há mi lọ́fun. Mo ní kí ọmọ mi Wassilatou kà á fún yín, torí ẹnu mi ò ní lè gbé e. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ẹ forí jì mí bí ohun tí mo kọ bá ń kọsẹ̀.

Ẹ rántí ìdíje bọ́ọ̀lù èṣí, ti àwọn ọ̀dọ́ Benin, Togo àti Nàìjíríà, tí àwa Manigri ní Benin níhìn-ín àti Kambolé ní Togo jọ gbà lálejò. Wọ́n ní ká pín àwọn eré náà bí ọmọ ìyá ṣe ń pín iṣu oko bàbá wọn: ẹni tó bá pín ló ń mú kẹ́yìn, kó má bàa ṣe ojúsàájú. Èmi Yacoubou ni Manigri yàn láti pín. Yessoufou, ẹ̀gbọ́n Rachidatou ìyàwó mi, ni Kambolé rán láti mú. Mo to iṣu sílẹ̀ lókìtì méjì, iṣu kan fún eré kan. Òkìtì kan kún fún iṣu kéékèèké, eré ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Èkejì jẹ́ iṣu ńlá kan, ìyẹn fínálì, eré àṣekágbá, pẹ̀lú kékeré kan. Ìpín yẹn dọ́gba. Ọwọ́ mi ò ṣẹ̀. Ẹnu mi ló ṣẹ̀.

Ká tó wọlé lọ mú ìpín ní Bassila níhìn-ín, mo fa Yessoufou sẹ́yìn ọkọ̀ mi níta. Mo ní, "Àna mi, ẹ má mú iṣu ńlá o. Mo gbọ́ pé wọ́n máa gbé fínálì lọ sí Parakou. Ẹni tó bá mú un, kékeré yẹn nìkan ló máa gbé relé." Ó rẹ́rìn-ín: "Ará Manigri. Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣàánú wa?" Mo ní, "Ṣé mo lè tan ẹ̀gbọ́n Rachidatou jẹ ni?" N kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí fínálì wá sílé wa ni. Ó wọlé, ó mú òkìtì kéékèèké.

Manigri ni wọ́n ti gbá fínálì. Ẹ rí èrò. Àwọn ọmọ Kambolé, tí wọ́n ti fi ọkọ́ tẹ́ pápá tiwọn láti ìgbà ọyẹ́, dúró lẹ́yìn okùn. Wọ́n délé, wọ́n ní Yessoufou ta fínálì fún àna rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nípò olórí ọ̀dọ́. Nígbà tí èso kajú oko rẹ̀ pọ́n, kò sẹ́ni tó bá a lọ ká a.

Èyí tó burú jù nìyí. Àwọn àgbà Kambolé mú un wá sílé mi, wọ́n bi mí lójú rẹ̀: "Yacoubou, ṣé o sọ ọ̀rọ̀ Parakou fún un?" Ìyàwó mi ti gbé omi wá, ó dúró tòun ti igbá lọ́wọ́. Mo ní, "Wallahi, n kò sọ ọ́." Yessoufou wò mí. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Bí àna mi bá ní òun ò sọ ọ́, a jẹ́ pé ibòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ." Ó mu omi náà, ó dìde.

Ìdíje ti padà dé báyìí, ẹ tún ní kí n wá pín, ẹ ní ọwọ́ mi tọ́. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ti Rachidatou ló pọ̀ jù, torí ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú gbogbo wa ló máa ń wà lára ọ̀bẹ tó ń pín iṣu. Ẹ máa ṣọ́ ẹnu tó ṣáájú ọ̀bẹ. Àna mi Yessoufou, ẹ dákun. Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ dá ipò rẹ̀ padà fún un, kò ta nǹkan kan. Mo wà níta, lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí mo ti parọ́ fún un. Bó bá fẹ́ rí mi, n kò ní sá.