Mo Mú Àbúrò Ọkọ Mi Búra Nítorí Dísẹ́ẹ̀lì

Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé bí mo bá gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà jáde. Ẹ má rò pé ìyá náà burú sí mi o. Ká ní ó burú ni, ara ìbá tù mí! Obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ pamọ́ dè mí bí mo bá pẹ́ lọ́jà ni. Oore rẹ̀ gan-an ló ń gún mi bí ẹ̀gún, torí ó ní ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tí òun kò mọ̀.

Sójà ni ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ògbólógbòó lọ́ọ̀rì sójà kan ní gbàǹjo báráàkì, ó wà á wá sílé wa ní Èsìẹ́. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà abúlé ìhà Òrò-Àgọ lásìkò òjò mọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń rì, ibẹ̀ ni lọ́ọ̀rì yẹn ti ń yan. Iṣu ló ń bá wa kó wá sí Òmù-Àrán. Òun ló ń bọ́ wa. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé sí ọkọ mi, àwọn ẹbí kan ní kí á ta lọ́ọ̀rì náà kí á pín in. Àbúrò rẹ̀ ló dìde láàárín wọn. Adúmáradán ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ní, “Lọ́ọ̀rì yìí, ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Èmi ni n ó máa bá wọn wà á.” Bó ṣe gba ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ẹ ẹ̀ wá gbọ́ bí mo ṣe san án fún un.

Nígbà tó yá, àìsàn kan kọ lu lọ́ọ̀rì náà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń gun òkè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí ọmọ tí ikọ́ líle ń ṣe, yóò sì kú. Bó bá sinmi díẹ̀, tí Adúmáradán bá fọwọ́ fa dísẹ́ẹ̀lì wá, tó yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, yóò tún ta. Òkè mìíràn tún dé, ó tún kú. Ó fọ asẹ́, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì, ó tún pọ́ǹpù ṣe, òfo ni. Òjò pa iṣu oníṣu lórí ìrìn, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wa. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé dísẹ́ẹ̀lì ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ Adúmáradán. Mo rí kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó ní èyí tí òun fi ń yọ afẹ́fẹ́ ni, ṣùgbọ́n èṣù ti jókòó sí mi létí. Mo ní ó ń fà á tà ni, omi ló sì ń dà rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló wá bá mi, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká sọ táǹkì yìí kalẹ̀, ká wo inú rẹ̀.” Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un: “Ṣé kí ẹ lè rí èyí tó kù nísàlẹ̀ fà tà ni?” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, ta ni yóò kó o? Ó padà sídìí ọkọ̀. Èmi ò fi mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo kó ẹjọ́ náà lọ bá olórí ẹbí níwájú ààfáà, mo ní àfi kó búra. Adúmáradán wò mí lójú. “Ìyàwó wa, èmi?” Ó ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé Alùkùránì, ó búra pé òun kò mú nínú dísẹ́ẹ̀lì náà rí. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síwájú mi, ó sì jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kadà gbé e ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Kí ni ará ìlú ò sọ! Wọ́n ní Alùkùránì ti mú un. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ateegunṣe kan ní Òkè-Onígbìn ni wọ́n gbé e lọ. Egungun ti jinná, ṣùgbọ́n kò padà sí Èsìẹ́ mọ́. Ta ni yóò padà sáàárín àwọn tó ń pè é ní olè?

Mo gba awakọ̀ mìíràn. Lọ́ọ̀rì kò yí ìwà padà, dísẹ́ẹ̀lì sì ń tán bó ṣe ń tán. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Òmù-Àrán, ó sọ táǹkì kalẹ̀ lójú mi. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde, ó tún fa òmíràn: ègé fóòmù tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa dísẹ́ẹ̀lì gidi nígbà tó ń gun òkè, fóòmù á fà mọ́ ẹnu páìpù, á dí i pa. Bí ọkọ̀ bá kú, á tún já sílẹ̀. “Ta ló ki èyí sínú táǹkì?” Ó na fóòmù náà sí mi.

Èmi ni o! Ọmọrí táǹkì ló já bọ́ sọ́nà nígbà kan tí mo ní kí ẹlòmíràn bá wa wa ọkọ̀, torí Adúmáradán rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin. Mo ya lára fóòmù tí àwọn ọmọ fi ń sùn, mo fi dí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí n kò rí i mọ́, mo rò pé ó já dànù ni, mo bá fi ọ̀rá dè é. Ọ̀rá yẹn ni Adúmáradán bá níbẹ̀. Ó ní kí á wá ọmọrí gidi, mo ní ọ̀rá tó. Kò mọ̀ nípa fóòmù rárá. Abẹ́ ọ̀rá yẹn náà ni dísẹ́ẹ̀lì ń gbà dà sílẹ̀ nínú gbágungbàgun ọ̀nà. Ṣé mo jẹ́wọ́ fún mẹkáníìkì? “Mi ò mọ̀,” ni mo wí. Ó pòṣé, ó ní, “Awakọ̀ yín àtijọ́ tí wọ́n ní ó búra èké yẹn ló ṣe é. Ìkà ènìyàn!” Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo mi orí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́ọ̀rì ń gun òkè bí ewúrẹ́ báyìí. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹbí yóò gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ? Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọlúàbí kan yóò gbé orúkọ olè wọ sàréè. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún un ní Òkè-Onígbìn ni, àbí kí n jẹ́wọ́ ní gbangba níbi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́? Ojú wo ni n ó tilẹ̀ fi wò ó? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń kírun àsùbáà. Bó bá ti sálámà tán, á tẹ́wọ́, á bẹ Ọlọ́run kó forí ji ọmọ òun tó fi Alùkùránì búra èké. Láàárọ̀ yìí, ó yíjú sí mi. “Ìyàwó mi,” ni ó wí, “bá mi ṣe àmín sókè díẹ̀.”

Mo sì ṣe é.